Àga Tí Kò Gbọdọ̀ Dún

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Baruwa ló ní kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn, nítorí wọ́n ń ronú ohun tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, ikọ́ a máa dá sí i, àwọn ọmọ òde òní kì í sì í dúró de àgbà tó ń wúkọ́. Káfíńtà ni mí. Káfíńtà ṣọ́ọ̀ṣì ni o, kì í ṣe ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí ẹ bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan rí láti Dopemu títí dé Igando, àfàìmọ̀ kí ẹ má ti fi ìdí kan iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gùn. Bàbá mi mú mi láti Egbeda lọ sí Ikotun, ó fà mí lé Ọ̀gá Jòsáyà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ dènìyàn," ó sì yíjú padà sí oko rẹ̀. Iye tí wọ́n san kò kàn yín, kò kan èmi náà nígbà yẹn.

Ọ̀gá Jòsáyà jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Àga gbọọrọ tí wọ́n ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ ọ́n ṣe ju ohun gbogbo lọ, lẹ́yìn náà àga ìwàásù, lẹ́yìn náà pósí. Ó máa ń sọ pé òun kì í bá ẹni tó ń kánjú ṣòwò: àwọn tó ń gbàdúrà àti àwọn tó ti kú ni oníbàárà òun. Ẹ ó rò pé àwàdà ni. Ojú rẹ̀ ò ní yí padà rárá.

Ní ọdún kìíní mi, n kò fọwọ́ kan ayùn. Ewé ìpín ni mo ń já nínú igbó ẹ̀yìn ilé, ewé kan tó rí ṣákiṣàki bí ahọ́n ológbò, òun ni mo fi ń dán pákó títí orí ìka mi fi ń bó. Sáńpépà wà nígbà náà, ẹ má rò pé kò sí. Ọ̀gá ló ní sáńpépà ń kánjú jù. Tí mo bá dán pákó tán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára, torí àtẹ́lẹwọ́ káfíńtà ti kú, kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í na ni, kì í sì í bú ni. Á kàn sọ pé, "Sámù, fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kàn án." Màá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án, á gún mi, màá sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Òfin rẹ̀ tó le jù lọ ni pé àga ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ dún. Ìṣó kì í wọ inú rẹ̀. A ó gbẹ́ ihò sára igi kan, a ó gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, a ó ki ahọ́n bọ ihò, a ó wá fi èèkàn igi kékeré há a. Ó ní ìṣó àti igi kì í gbé pọ̀ pẹ́ kí wọ́n má jà, ìjà wọn ni ẹ̀yin ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé àga ń dún. Ènìyàn kò gbọdọ̀ máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kí igi máa dá sí i.

Lọ́jọ́ tí àga bá parí, Ọ̀gá á pe gbogbo àwa ọmọṣẹ́, á tún pe ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà, a ó jókòó kún un. Á wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà Lítánì láti orí dé ìsàlẹ̀. A ó kúnlẹ̀, a ó dìde, a ó jókòó, a ó tún kúnlẹ̀, a ó máa dáhùn bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Ẹni tí yóò dájọ́ kì í ṣe Ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀ ni, Ìyá Dékúnlé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń jókòó sí ìpẹ̀kun àga lápá òsì. Á dijú, á fetí sílẹ̀. Nígbà tí a bá ṣe àmín, á lajú.

"Bàbá Dékúnlé, ó dún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tẹ̀yìn."

Ọ̀gá tí kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba kì í bá obìnrin yìí jiyàn. A ó tú àga náà palẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun kan náà ni yóò sì bu ẹ̀bà fún wa lẹ́yìn ìyà, á ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Etí ni Ọlọ́run fún mi, kò fún mi ní irọ́." Àwọn méjèèjì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá kọ́ ọwọ́ mi, Ìyá kọ́ etí mi.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí àga ṣe rí ní ìjọ wa ní Ikotun láyé ìgbà yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ìjọ kọ́ ló ni àga, ìdílé ló ni ín. Ìdílé á gé igi nínú oko wọn, ìrókò tàbí igi ọ̀mọ̀, àwọn tó ń fi ayùn ńlá lagi á là á sí pákó, àwa á kàn án. Ṣùgbọ́n gbogbo ará ilé ló máa wá dán an, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú ewé ìpín lọ́wọ́. Ọmọ tuntun tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé wá sílé Ọlọ́run, orí àga yẹn ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí. Tí àgbà ilé bá sì kú, àyè tó ń jókòó sí yóò ṣófo títí di Ìkórè tó bá tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni ò ní jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìkórè, àkọ́bí rẹ̀ á bọ́ síbẹ̀, ó parí. Mo fẹ́ràn àṣà yìí, n kò lè purọ́. Tí ẹ bá wọlé lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí àlàfo níbí, ẹ ó rí òmíràn lọ́hùn-ún, ẹ ó sì mọ ẹni tó ti lọ láàárín wa. Lóde òní, ènìyàn lè kú nínú ìjọ kí ó tó oṣù mẹ́ta kí a tó béèrè rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí mo gba fírídọ̀mù ni Ìyá Dékúnlé kú. Àìsàn ránpẹ́ ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kan pósí rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa bá òun di igi mú. Àyè rẹ̀ ṣófo ní ìpẹ̀kun àga wọn, lẹ́bàá ọkọ rẹ̀. Ìkórè dé, Dékúnlé ọmọ wọn wọ agbádá, ó fẹ́ bọ́ síbẹ̀ bí àṣà ti wí. Ọ̀gá na ọwọ́ dí ibẹ̀. Ó ní kò tíì yá. Ìkórè kejì dé, ó tún na ọwọ́ dí i. Àwọn àgbà ìjọ ń wo ojú ara wọn. Àṣà ní òpin tirẹ̀, Ọ̀gá sì ti kọjá òpin náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ bí ó ṣe fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ta ni yóò sọ fún ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé kó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lọ?

Ìgbà yẹn gan-an ni owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ẹ̀yin ò mọ ìgbà yẹn. A ti fi pọ́n-ùn sílẹ̀ bọ́ sí náírà, ìjọba fi kún owó oṣù, ó sì san èyí tó ti ṣẹ́ kù sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ra alùpùpù, ẹni tó ní alùpùpù ra mọ́tò, ẹni tó ní mọ́tò ò mọ ohun tí yóò rà mọ́. Oko gbágùúdá tó wà láàárín Ikotun àti Egbeda di ilé ojú-kojú tí yàrá rẹ̀ ò lóǹkà. Sọ́míìlì dé, pákó tí à ń fi ọ̀sẹ̀ kan là di nǹkan tí ẹ ó mu omi kan tán tí wọ́n ti là á. Pláíwúùdù dé, fọ́míkà dé, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ń dán. Ọ̀gá fọwọ́ kan fọ́míkà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó dà bí ẹni tó fi pátá bojú," ó sì padà sídìí ìfági rẹ̀.

Àwọn ènìyàn tuntun dé pẹ̀lú owó náà, láti Ìjẹ̀bú, láti Èkìtì, láti Oǹdó, àwọn akọ̀wé ilé iṣẹ́ ní Ikeja, àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì. Ọmọ ìjọ wa ni wọ́n láti ìlú wọn. Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò rí ibi jókòó. Àlàfo wà lórí àga, ṣùgbọ́n gbogbo àlàfo ló ní olóhun. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń dúró sí, lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan ń jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. Alùfáà wa nígbà náà jẹ́ ọ̀dọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ ni, ó sì ti jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi gìtá kọrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ìyẹn nìkan ti tó kí àwọn àgbà kan máa pè é ní ọmọ ayé. Ó pe ìpàdé nítorí ọ̀rọ̀ àga. Mo wà níbẹ̀.

Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Olú, tó gba yàrá kan ní Dopemu, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa, ilé Ọlọ́run ni a wà yìí àbí ilé ẹbí?"

Àgbàlagbà kan dá a lóhùn pé, "Ẹ gé igi tiyín wá jàre, a ó bá yín kàn án."

"Bàbá, yàrá kan ni mo gbà. Igi wo ni kí n gé níbẹ̀, igi ìdáná ìyàwó mi?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ò rẹ́rìn-ín. Alùfáà bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí àga wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé máa jókòó síbi tó bá ṣófo. Ó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo sì rò pé a ó gbà. Ọ̀gá Jòsáyà ló dìde, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó ní, "Ẹni tó bá ti jókòó sí àyè ìyàwó mi, ó ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì." Ó jókòó. Ìpàdé túká.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ń pa páànù lórí wa, Lítánì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Olú àti ìyàwó rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dé, torí ọkọ̀ Dopemu. Fọlákẹ́ lorúkọ ìyàwó náà. Oyún inú rẹ̀ ti yọ dáadáa, àkọ́kọ́ ni. Olú dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ìyàwó ń rìn bọ̀ láàárín, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ó rí àlàfo lẹ́bàá Ọ̀gá. Ó jókòó síbẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Èmi wà lórí àga tó wà lẹ́yìn wọn. Mo rí i bí ọrùn Ọ̀gá ṣe le. Ó yíjú sí i, kò pariwo, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyàwó, ẹ má bínú. Ẹni tó ni ibẹ̀ ò tíì fi í sílẹ̀."

"Ha! Ẹ má bínú, sà. N ò mọ̀."

Ó dìde, ó lọ fara ti ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpẹ̀kun àga náà. Mo juwọ́ sí i pé kó wá, kò rí mi, mo sì há sí àárín àwọn ènìyàn wa. Lítánì bẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó dìde. Ó tún kúnlẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ̀ yí, ó wó lulẹ̀, inú rẹ̀ sì gbá apá àga Ọ̀gá, apá àga tí a fi ewé ìpín dán títí ó fi ń tàn. Bí ó ṣe gbá a tó, ẹ gbọ́ o, àga náà kò dún. Ariwo Olú ni gbogbo wa gbọ́.

Wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù ní Ikeja. Ìyá yè. Ọmọ ò yè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Àwọn àgbà pé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Wọ́n pé pérépéré, oníkálukú lórí àga bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Olú wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá dìde, èmi náà dìde, mo rò pé yóò jà. Kò jà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà.

"Bàbá, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan ni. Ta ló ni àyè yẹn gan-an?"

"Ìyàwó mi ni, ọmọ mi."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Èmi ni mo sọ pé wọ́n ti kú.

Olú mirí. Ó ní, "Tèmi ṣì wà láyé, sà." Ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Ẹyin lohùn. N ò tíì gbọ́ èébú tó ba ènìyàn jẹ́ bí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ yẹn ṣe ba Ọ̀gá mi jẹ́. Láti ọjọ́ náà, ó ń di ìfági mú, kò sì ní fá nǹkan kan.

Ìjọ bínú, ó sì tọ́ kí wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn tó kọ̀ láti fi ìdí kan sún ní ìpàdé àkọ́kọ́, àwọn kan náà ló pariwo jù ní ìpàdé kejì pé kí gbogbo àga jáde kí Àjíǹde tó dé. Alùfáà bẹ̀ wọ́n, ó ní ohun tí òun béèrè kọ́ nìyí, òun kò sọ pé kí wọ́n run nǹkan kan. Wọn ò gbọ́. Owó wà lọ́wọ́, owó sì máa ń kánjú ju sáńpépà lọ. Wọ́n ra ṣíà onírin tí wọ́n fi tìmùtìmù pupa bò. Àwọn ọ̀dọ́ wọ́ àga ìdílé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí tirẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun mọ́ ọn, wọ́n sì gbé wọn pọ̀ títí dé ìta kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, tẹkúntẹkún. Oníbúrẹ́dì kan ló kó wọn. Ìrókò tí ìran mẹ́ta fi ọwọ́ dán, ó fi dáná búrẹ́dì. Búrẹ́dì náà sì tún dùn lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Ọ̀gá ò lọ sí ìpàdé náà. Ó gun àkàbà lọ sí òkè àjà ṣọ́ọ̀bù, ó sì pè mí pé kí n bá òun di ìdí kejì mú. Pákó ìrókò kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Ó ti ń gbẹ láti ìgbà tí mo ti dé ẹnu iṣẹ́. Pákó pósí Ọ̀gá ni, ó ti yà á sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ bí àwọn káfíńtà àgbà ti máa ń ṣe.

Mo ní, "Ọ̀gá, pósí yín ńkọ́?"

"Ilẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni pé kí lo wọ̀ wá. Di igi mú."

Àga gbọọrọ ló fi ṣe. Kò fi apá sí i, ọ̀tún òun òsì, kí ó má sí ohun tí ènìyàn yóò fi inú gbá. Ó fá etí rẹ̀ yíká kí ó má mú. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ já ewé ìpín. Nígbà tó parí, ó pè wá, a jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ Lítánì. Ó wá lọ jókòó sí ìpẹ̀kun lápá òsì, ó dijú. Nígbà tí a ṣe àmín, ó ní, "Kò dún. Ṣùgbọ́n etí tèmi kọ́ ni etí."

A kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé e síwájú, kí ó jẹ́ ti àlejò, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ìdílé kankan pè é láé. Inú alùfáà dùn. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kò bá àwọn ṣíà pupa mu. Wọ́n ní àga gbọọrọ ti parí ní ìjọ àwọn. Ẹ wo ayé: àwọn àga lé àlejò, àlejò dé tán, wọ́n lé àga.

Ọ̀gá ní kí a gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. A fi ọmọlanke tì í dé Dopemu. Fọlákẹ́ jáde nínú yàrá, ó ti rù. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyàwó kígbe, ó sáré dì í mú léjìká.

"Éèwọ̀! Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má fi mí ré, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ mi, àyè yín ni mo gbé wá."

Ó wo àga náà pẹ́. Ó fọwọ́ pa á lára. Ó ní, "Ó dára, sà. Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n n ò lè jókòó lé e. Tí mo bá ń rí i láàárọ̀, ọmọ yẹn ni màá máa rí."

"Níbo ni kí n gbé e lọ?"

"Ẹ gbé e síbi tí wọn ò ti ní lé ẹnikẹ́ni dìde."

A tì í títí dé Igando lọ́jọ́ náà, lọ síbi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró de ọkọ̀ lábẹ́ igi kan, tí wọ́n ń jókòó lórí àpáta. Ibẹ̀ la gbé e kalẹ̀ sí. Ọ̀gá ò wẹ̀yìn.

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tó kú. Èmi ni mo kan pósí rẹ̀. Mo wá igi gbígbẹ kiri gbogbo Ikotun, kò sí. Èyí tó gbẹ, oníbúrẹ́dì ti fi dáná. Èyí tó wà ní sọ́míìlì ṣì tutù, omi ń jáde lára rẹ̀. Àwọn ẹbí fẹ́ sin ín lọ́jọ́ kejì. Pláíwúùdù ni mo lò, mo fi ìṣó kàn án, mo fi fọ́míkà bo ojú rẹ̀. Nígbà tí a gbé Ọ̀gá Jòsáyà sí èjìká, pósí náà dún. Ó dún láti ilé dé ibojì, ní gbogbo ìṣísẹ̀. Mo ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láyé mi, kò sí èyí tó dùn mí tó o.

Ìyókù ìtàn iṣẹ́ mi kò le. Mo ra ayùn oníná àti ìfági oníná, mo ń dúró de iná títí mo fi ra jẹnẹrétọ̀. Tìmùtìmù pupa ya, ṣíà onírin dógùn-ún, wọ́n ra òmíràn, òun náà dógùn-ún, wọ́n wá bọ́ sí ṣíà oníke. Mo ṣe àga ìwàásù títí ìjọ fi ní àwọn fẹ́ èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ pásítọ̀. N ò mọ ohun tí ẹsẹ̀ pásítọ̀ fẹ́ sọ fún wọn. Nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin àti àwọn àgbà ń jà báyìí, pé kí a kó ìwé orin dànù kí a sì máa ka orin lára ògiri. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti wá bá mi, oníkálukú ní kí n gbè sẹ́yìn òun. N ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Mo kàn ń bẹ̀rù àgbà tó na ọwọ́ dí àyè lẹ́yìn tí àṣà fúnra rẹ̀ ti ní ó tó, mo sì ń bẹ̀rù ọmọdé tó fẹ́ fi gbogbo àga dáná nítorí ẹni kan tó na ọwọ́. Àga ìjọ wa ìgbà yẹn, bí oníkálukú bá fi ìdí kan sún, ọmọ Fọlákẹ́ ì bá ti di bàbá tàbí ìyá báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ẹ wá, mo ṣì lè fi ẹnu kọ́ni. Ewé ìpín ṣì wà lẹ́yìn ilé mi.

Láìpẹ́ yìí, ikọ́ yìí gbé mi lọ sí ọsibítù ní Igando. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn mú. Mo rí àga gbọọrọ kan lábẹ́ àtíbàbà, tí ara rẹ̀ ti dúdú, tí kò ní apá lọ́tùn-ún lósì. Ẹsẹ̀ mi dúró. Ta ló gbé e débẹ̀, n kò mọ̀, n kò sì béèrè. Àwọn aláìsàn ti jókòó kún un. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n rí mi bí mo ṣe dúró.

"Bàbá, ẹ wá jókòó, àyè wà. Ẹ sún, ẹ sún jàre, ẹ jẹ́ kí bàbá jókòó!"

Gbogbo wọn sún, ìdí kan ìdí kan. Ìpẹ̀kun lápá òsì ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa igi náà lára, ó ṣì ń jọ̀lọ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé mo mọ ẹni tí wọ́n gé igi yìí fún, pé pósí ló yẹ kó jẹ́. Mo gbé e mì.

Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní kí gbogbo àwọn tó wà lórí àga wọlé. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dijú, mo fetí sílẹ̀ fún Ìyá Dékúnlé.

Kò dún.